Àfikún Mẹ́ta Péré Ló Kù Lórí Bráwúsà Mi: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé Kan

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé bráwúsà (ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì) tí òun bá nínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí òun rà á náà ni òun ṣì ń lò títí di òní, pé táàbù tí òun ṣí sílẹ̀ ti di 43, pé ìpolówó ọjà kì í jẹ́ kí òun ráyè ka ọ̀rọ̀, àti pé ohun tí òun bá kà ní ọ̀sẹ̀ kan, tí òun bá tún wá a ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun kì í rí i mọ́. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ti dárúkọ àfikún, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tí a ń fi kún bráwúsà, tó lé ní 20 fún òun, ó sì wá béèrè pé: “Nínú gbogbo wọn, èwo ni ẹ̀yin fúnra yín ń lò lójoojúmọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?”

Ẹ ṣeun tí ẹ fi “lójoojúmọ́” sínú ìbéèrè yín, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí n lè dáhùn rẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo ti dán wò lórí bráwúsà pọ̀ ju ohun tí mo lè rántí lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi fi kún un, mẹ́ta péré ló kù lórí kọ̀ǹpútà mi lónìí: uBlock Origin tó ń dínà mọ́ ìpolówó, Bitwarden tó ń bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, àti SingleFile tó ń bá mi fi odindi ojú-ewé pamọ́. Gbogbo ìyókù tí mò ń lò ti wà nínú bráwúsà kí n tó débẹ̀, mo sì fura pé púpọ̀ nínú àfikún 20 tí wọ́n dárúkọ fún yín ń ṣe iṣẹ́ tí bráwúsà yín ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, tó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bráwúsà fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀, torí kò ní gbà wá lákòókò. Orúkọ bráwúsà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú wọn tó ń tú ojú-ewé palẹ̀ fún wa kò ju mẹ́ta lọ nínú àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Chrome, Edge, Opera, Brave àti Vivaldi ń lo Blink. Firefox ń lo Gecko. Safari ń lo WebKit. Ẹni tó bá tipa bẹ́ẹ̀ kúrò lórí Chrome bọ́ sórí Edge, aṣọ ló pààrọ̀, ara kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Firefox, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ni èmi ń lò, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ ìpolówó. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má torí mi pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó ṣáà ti jẹ́ èyí tí àwọn tó ṣe é ṣì ń tún ṣe. Internet Explorer, tó ti wà láti 1995, ni Microsoft jáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹni tó bá sì ń fi irú rẹ̀ wọ ìkànnì ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ lónìí, ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ ló ń sùn tì.

Nínú wàhálà mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, ti ìpolówó ló rọrùn jù láti wò sàn. Bí ẹ bá ṣí ojú-ewé kan, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni ohun tó wà lórí rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ìkànnì náà, nígbà tí àwòrán ìpolówó àti àwọn kóòdù kéékèèké tó ń tọpasẹ̀ yín kiri yóò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ẹ kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ohun tí uBlock Origin, iṣẹ́ ọwọ́ Raymond Hill, ń ṣe ni pé ó ní àkọsílẹ̀ gígùn àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyẹn, tí bráwúsà bá sì fẹ́ lọ pe ọ̀kan nínú wọn, yóò dá a dúró kí ó tó pè é rárá. Ìdí nìyẹn tí ojú-ewé fi ń yára ṣí sí i, tí dátà yín yóò sì pẹ́ sí i, nítorí ohun tí wọn kò pè kò ní wọlé. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ṣe é kì í sì í gba owó ìtọrẹ pàápàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ta kókó sí ni pé Google yí ìlànà tí àfikún gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé lórí Chrome padà, wọ́n sì pe ìlànà tuntun náà ní Manifest V3. Láàárín 2024 sí 2025 ni Chrome ń pa àwọn àfikún tó ṣì wà lórí ìlànà àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, uBlock Origin sì wà lára wọn. Àlàyé tí Google ṣe ni pé nítorí ààbò àti kí bráwúsà lè fúyẹ́ ni, àlàyé náà kò sì ṣófo pátápátá, nítorí agbára tí ìlànà àtijọ́ fún àfikún pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí ìpolówó ni púpọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà ti ń wá, àwọn àgbà sì ti sọ pé ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúró sórí Chrome, uBlock Origin Lite wà fún un, ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ kò lágbára tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Firefox ṣì ń gba èyí tó pé, ó sì ń gbà á lórí fóònù Android pẹ̀lú, níbi tí Chrome kì í ti í gba àfikún kankan. Ìdí tí mo fi ń lo Firefox nìyẹn, n kò ní ìdí mìíràn tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Brave àti Vivaldi ní ohun tó ń dínà ìpolówó nínú ara wọn, ẹni tí kò bá fẹ́ fi àfikún kún nǹkankan lè gbé wọn yẹ̀ wò.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbí. Àwọn ìkànnì kan wà tí mò ń jàǹfààní wọn lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé owó ìpolówó ni àwọn tó ń kọ̀wé síbẹ̀ fi ń jẹun. Lórí irú wọn, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà láàárín uBlock Origin kí ó má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yóò sì rántí bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ má ṣe é. Èmi rò pé ó tọ́.

Kí ẹ tó fi àfikún kankan sí i sórí bráwúsà yín, ẹ ka ohun tó béèrè lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà á. Bí ó bá ní òun fẹ́ ka gbogbo ohun tó wà lórí gbogbo ìkànnì tí ẹ bá wọ̀, kí òun sì lè yí i padà, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí: yóò rí lẹ́tà yín, yóò rí ojú-ewé ilé ìfowópamọ́ yín. Ẹni tó ṣe é lè jẹ́ olóòótọ́ lónìí, kí ó tà á fún ẹlòmíràn lọ́la, kí ẹ̀yin má sì mọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àfikún kan tó lókìkí gan-an, The Great Suspender, tó ń mú kí táàbù tí a kò lò sùn. Ó bọ́ sọ́wọ́ oní-ǹkan tuntun, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò lórí Chrome nítorí kóòdù burúkú tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ dun ni nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iṣẹ́ tí àfikún yẹn ń ṣe ti di ohun tí Chrome, Edge àti Firefox ń ṣe fúnra wọn báyìí. Nítorí náà ni mo fi ń ṣírò àfikún mi bí ẹni ń ṣírò àwọn tí òun fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ní báyìí mo dé orí ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ gbòǹgbò ìbéèrè yín, ìyẹn àìrí ohun tí ẹ ti kà mọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, òun náà ló bí táàbù 43. Ẹ kò ṣí wọn sílẹ̀ nítorí pé ẹ ń kà wọ́n. Ẹ ṣí wọn sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá tì wọ́n, ẹ kò ní rí wọn mọ́. Ẹ̀rù náà tọ́. Àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ ti dé lórí Chrome, fún àpẹẹrẹ, kì í ju 90 ọjọ́ lọ kí ó tó pa á rẹ́. Ohun tí ẹ kà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ti lọ láti ibẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ rántí ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ kà á.

Nígbà tí ohun náà kò bá tíì pẹ́, ẹ má lọ máa fi ojú wá a nínú àkọsílẹ̀ gígùn yẹn. Ẹ tẹ Ctrl àti L papọ̀, kí ẹ bọ́ sínú àpótí àdírẹ́sì láìfọwọ́ kan asin, ìyẹn máòsì. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, Command ni ẹ ó fi rọ́pò Ctrl. Bí Firefox bá ni, ẹ tẹ àmì ^ kí ẹ sì fi àlàfo kan sí i, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wá nínú ibi tí ẹ ti dé nìkan. Àmì * yóò wá a nínú búkúmáàkì (àdírẹ́sì ojú-ewé tí ẹ ní kí bráwúsà bá yín tọ́jú), àmì % yóò sì wá a láàárín àwọn táàbù tó ṣí sílẹ̀. Chrome náà ní tirẹ̀: ẹ tẹ @history, @bookmarks tàbí @tabs, kí ẹ tẹ Tab, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá ṣèèṣì ti táàbù kan, Ctrl, Shift àti T papọ̀ yóò dá a padà. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìdáhùn yìí, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má gbàgbé ti Ctrl, Shift àti T.

Fún ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó padà wá, búkúmáàkì ṣì ni àgbà. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn kórìíra rẹ̀ ni pé orúkọ tí ẹni tó kọ ojú-ewé náà fún un ni wọ́n ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wá máa wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ti ara wọn. Nígbà tí mo bá tẹ Ctrl àti D láti fi ojú-ewé kan sínú búkúmáàkì, mo máa ń pa orúkọ tó bá wá rẹ́, èmi yóò sì kọ gbólóhùn tí mo mọ̀ pé ẹnu mi yóò sọ nígbà tí mo bá ń wá a. Ojú-ewé kan lè máa jẹ́ “Ìtọ́nisọ́nà Apá Kejì”, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ “bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ-ìtẹ̀wé tí kò tẹ̀ ṣe” sí i, kò sí ọjọ́ tí mo máa wá a tí n kò ní rí i. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kò pé lórí èyí, mo sì rí i pé ó ràn mí lọ́wọ́ ju pípín búkúmáàkì sí fódà oríṣiríṣi lọ. Fódà mẹ́rin péré ni mo ní, mo sì tún ń gbàgbé ohun tó wà nínú ọ̀kan nínú wọn.

Búkúmáàkì kò lè gba yín lọ́wọ́ ìṣòro kan: ojú-ewé fúnra rẹ̀ lè kú. Èyí kò ṣàjèjì sí mi. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, mo sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ ka àlàyé tó wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n tún ìkànnì wọn kọ́, gbogbo líǹkì tí mo ní síbẹ̀ di òkú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn ni SingleFile ti wọ ilé mi. Ẹ tẹ àmì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò kó ọ̀rọ̀, àwòrán àti ìrísí ojú-ewé náà sínú fáìlì HTML kan ṣoṣo tí bráwúsà èyíkéyìí lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá fẹ́ àfikún lè tẹ Ctrl àti P kí ó sì fi í pamọ́ bíi PDF. Kò ní lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò wà níbẹ̀.

Bí ojú-ewé bá sì ti kú kí ẹ tó rántí, ẹ gbé àdírẹ́sì rẹ̀ lọ sí web.archive.org. Internet Archive, àjọ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996, ló ń ṣe é, wọ́n pè é ní Wayback Machine, ó sì ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti 2001. Ó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ewé ní ọjọ́ oríṣiríṣi, débi pé ẹ lè rí bí ìkànnì kan ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà lè ní kí ó tọ́jú ojú-ewé kan fún yín lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlù wọ́n, iṣẹ́ sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà tó bá ṣe pàtàkì sí mi fi máa ń wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ òǹkàwé lè bi mí pé kí ló dé tí n kò dárúkọ àwọn iṣẹ́ tó ń bá ni kó ohun tí a fẹ́ kà jọ, tàbí tó ń tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Mo lo méjì nínú wọn rí. Google Reader, tó ń kó ọ̀rọ̀ tuntun láti oríṣiríṣi ìkànnì jọ síbì kan, kú ní oṣù keje ọdún 2013. Pocket, tó ń tọ́jú ohun tí a fẹ́ kà tó bá yá, tí Mozilla tó ni Firefox rà ní 2017, kú ní oṣù keje ọdún 2025. Àwọn mìíràn ṣì wà láàyè, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi irú wọn báyìí ni pé: ọ̀nà wo ni mo lè gbà kó ẹrù mi jáde? Bráwúsà gbogbo ló lè kó búkúmáàkì yín jáde sínú fáìlì HTML kan, tí bráwúsà mìíràn yóò sì gbà wọlé láìjanpata. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣe é.

Nípa kíka ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá àmì ìwé kékeré nínú àpótí àdírẹ́sì Firefox, tàbí kí ẹ tẹ F9 lórí Windows. Gbogbo ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká yóò kúrò, lẹ́tà yóò tóbi, ẹ ó sì lè yan àwọ̀ tí kò ní dun ojú yín. Edge náà ń lo F9, Safari ti ní tirẹ̀ láti 2010, ti Chrome sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé. Bí ìkànnì kan kò bá gbà yín láyè láti lò ó, tí lẹ́tà rẹ̀ sì kéré, Ctrl pẹ̀lú àmì + yóò sọ ọ́ di ńlá, bráwúsà yóò sì rántí rẹ̀ fún ìkànnì náà.

Ẹ kò béèrè nípa ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ṣùgbọ́n mo ti dárúkọ Bitwarden, n kò sì lè fò ó. Ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gígùn tó yàtọ̀ fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin yóò sì há ẹyọ kan ṣoṣo sórí, èyí tó ṣí àpótí náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀: bí ẹni burúkú kan bá fi ìkànnì tó jọ ti ilé ìfowópamọ́ yín ránṣẹ́ sí yín, ojú yín lè má rí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì rẹ̀, àmọ́ Bitwarden kò ní mú ọ̀rọ̀ yín wá, nítorí àdírẹ́sì ló ń wò, kì í wo ìrísí. Bí ó bá dákẹ́ níbi tó máa ń sọ̀rọ̀, ẹ dúró kí ẹ wo àdírẹ́sì náà dáadáa. Àmì àgádágodo tí àwọn bráwúsà kan ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò lè ṣe èyí fún yín. Ohun tí àgádágodo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó lè yọjú wo ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tó wà ní ìkángun ọ̀nà náà. Bákan náà ni fèrèsé ìkọ̀kọ̀ bráwúsà: ó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín nìkan, ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ṣì lè mọ ìkànnì tí ẹ wọ̀.

Ó ku táàbù 43. Ẹ má kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ kò ní dé 10 kí ó tó sú yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti D papọ̀, bráwúsà yóò fi gbogbo wọn sínú fódà búkúmáàkì kan. Ẹ fi ọjọ́ òní sọ fódà náà lórúkọ, kí ẹ sì ti gbogbo wọn. Èyí tí ẹ bá wá nínú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un jáde kí ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ sì pa fódà náà rẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì náà bá pé. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá, ẹ kọ́kọ́ wá táàbù tí fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ dé ìdajì bá wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀, nítorí àdírẹ́sì ojú-ewé nìkan ni búkúmáàkì mọ̀, kò mọ ohun tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀.